Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìkéde Ilé-iṣẹ́ Oògùn Wò Kí A Tó Gbé Ìrètí Lé E

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó ṣòro láti rí agboolé tí kò mọ ọmọ kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn nígbàkígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun bá kéde pé oògùn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí òun ń dán wò ti fi “àbájáde tó ń fúnni ní ìrètí” hàn. Ìròyìn náà á ti orí íntánẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí WhatsApp, ẹnìkan á sọ ọ́ nínú ìpàdé ẹbí, ẹlòmíràn á mú fóònù rẹ̀ lọ bá olóògùn ní Tákíè pé kí ó bá òun wá oògùn náà. Ìrètí kò burú, kò sì sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gbà á lọ́wọ́ òbí tó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n ìrètí tí a gbé lé gbólóhùn tí kò ní nọ́ńbà kankan nínú lè mú kí òbí dá oògùn tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ dúró, tàbí kí ó kó owó tó yẹ kó fi tọ́jú rẹ̀ fún oníjìbìtì. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹnikẹ́ni tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ lọ́wọ́, yálà òbí ni, olùkọ́ ni, tàbí ẹ̀gbọ́n tí gbogbo ẹbí ń gbára lé láti ka ìròyìn fún wọn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni ilé-iṣẹ́ náà ń bá sọ̀rọ̀? Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ará ìlú lè ra ìpín nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn olùdókòòwò mọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tó bá lè gbé iye owó ìpín náà sókè tàbí kí ó fà á wálẹ̀. Nítorí náà ni ìkéde ṣe sábà máa ń jáde kí ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn kankan tó gbé àbájáde náà, àti kí àwọn onímọ̀ tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ náà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Olùdókòòwò ni a kọ ọ́ fún. Aláìsàn kàn ń gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Moderna kéde àbájáde àkọ́kọ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà tí wọ́n ń dán wò lára ènìyàn 45, ṣùgbọ́n àwọn tí ìkéde náà sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti ní èròjà tó lè dí kòkòrò náà lọ́wọ́ kò ju 8 péré lọ. Iye owó ìpín ilé-iṣẹ́ náà fò sókè ní bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ́jọ́ náà, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, wọ́n ti kéde pé àwọn yóò ta ìpín tuntun tí iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tó yá, ìdánwò ńlá fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìkéde yẹn, kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 8 mọ̀ bẹ́ẹ̀, àti ẹni tó ra ìpín àti ẹni tó ń retí abẹ́rẹ́.

Bí ẹ bá ti ṣí ìkéde náà, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó ka òkè. Òfin Amẹ́ríkà kan ti ọdún 1995 dáàbò bo ilé-iṣẹ́ tó bá sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú, bí ó bá ti fi ìkìlọ̀ tó nítumọ̀ kún un pé nǹkan lè má rí bí òun ṣe sọ. Ìpínrọ̀ ìkìlọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, nítorí pé ó gùn, ó sì le láti kà. Níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti máa ń jẹ́wọ́ pé àbájáde ìdánwò kékeré lè má hàn mọ́ nínú èyí tó tóbi, pé ìjọba lè má fọwọ́ sí oògùn náà, tàbí pé owó lè tán lọ́wọ́ òun. Mo gbà pé ìpínrọ̀ yẹn ló sábà máa ń jẹ́ òtítọ́ jù lọ nínú ìkéde.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá iye ènìyàn tí wọ́n dán oògùn náà wò lára wọn, àti ipele tí ìdánwò náà wà. Ní ipele kìíní, àwọn bíi ogún sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló máa ń kópa, ara wọn sì sábà máa ń le. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá oògùn náà kò ní ṣe ara ní jàǹbá àti ìwọ̀n tí ara lè gbà. Ní ipele kejì, wọ́n á fún àwọn aláìsàn, ìgbà mìíràn ọgọ́rùn-ún mélòó kan, láti mọ̀ bóyá ó jọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ipele kẹta ni ọ̀rọ̀ ti ń fìdí múlẹ̀, nítorí pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn ni wọ́n máa ń pín sí ọ̀nà méjì láti fi wọ́n wé ara wọn. Nínú oògùn mẹ́wàá tó bá wọ ipele kìíní, nǹkan bí ẹyọ kan ṣoṣo ni ìjọba máa ń fọwọ́ sí nígbẹ̀yìn. Ìkéde tí kò bá sọ ipele tí oògùn náà wà, tí kò sì sọ iye ènìyàn, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ tún béèrè pé kí ni wọ́n fi oògùn náà wé. Àrùn tó máa ń lọ tó máa ń bọ̀ ló ń tan ènìyàn jù lọ nípa èyí, fòníkú-fọ̀ladìde sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i ló mọ̀ pé otútù máa ń gbé ìrora náà dìde. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹnìkan kó ogún ọmọ jọ ní oṣù Kejìlá nígbà tí ọyẹ́ bá mú gan-an, tí ó fún wọn ní oògùn, tí ó sì ka iye ìgbà tí ara ro wọ́n títí di oṣù Kẹrin. Ó ṣeé ṣe kí ìrora náà dín kù lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìbáà ṣe omi lásán ló fún wọn mu, nítorí pé ọyẹ́ ti lọ. Bákan náà, ìgbà tí ara bá ni aláìsàn jù ni ó máa ń yá a lára láti wọ inú ìdánwò, èyí tó túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ lè balẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, oògùn ì báà wà, oògùn ì báà má sí. Ìdí nìyí tí ìdánwò tó mọ́yán lórí fi gbọ́dọ̀ ní ọ̀wọ́ kejì tí ń lo oògùn àfijọ, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe kí ó jọ ojúlówó ṣùgbọ́n tí kò ní èròjà ìwòsàn nínú, tàbí tí ń lo oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ó sì jẹ́ pé bí ẹní ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe pín àwọn ènìyàn, láìjẹ́ kí aláìsàn tàbí dókítà mọ ẹni tó ń lo èwo. Bí ìkéde bá sọ pé “ara àwọn aláìsàn yá sí i ju bí ó ti rí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀,” tí kò sì dárúkọ ọ̀wọ́ kejì kankan, ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan ná.

Ìbéèrè tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ ni èyí tó kàn: kí ni wọ́n wọ̀n? Ìtàn oògùn voxelotor, tí wọ́n tà ní orúkọ Oxbryta, ló lè là á yé wa. Ènìyàn 274 ló kópa nínú ìdánwò ńlá tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n là sílẹ̀ láti wọ̀n ni bóyá hẹmoglóbínì, ìyẹn èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, yóò fi ju gíráàmù kan lọ sókè nínú dẹ́sílítà (ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà) ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ 24. Ó rí bẹ́ẹ̀ lára ìdá 51 nínú 100 àwọn tó lo ìwọ̀n tó ga jù, lára àwọn tó lo oògùn àfijọ sì rèé, ìdá 7 nínú 100 péré ni. Nọ́ńbà náà hàn kedere, òtítọ́ sì ni. Àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 nípasẹ̀ ọ̀nà ìkánjú, wọ́n sì fi lélẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa bá ìdánwò lọ. Ṣùgbọ́n ìdánwò ńlá yẹn kò fi hàn kedere pé oògùn náà dín ìrora ńlá tí aláìsàn máa ń ní kù, bẹ́ẹ̀ ìrora yìí gan-an ló máa ń gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn lóru.

Ní ọdún 2022, Pfizer ra ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà ní bílíọ̀nù 5.4 dọ́là. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Pfizer kan náà kó oògùn yìí kúrò lórí ọjà ní gbogbo àgbáyé, nítorí pé àkọsílẹ̀ tó ti kó jọ fi hàn pé ìrora ńlá àti ikú pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń lò ó. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìdánwò tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé, àjọ oògùn ti Yúróòpù sọ pé 8 ló kú nínú àwọn tó lo oògùn náà, tí 2 sì kú nínú àwọn tó lo oògùn àfijọ. Nọ́ńbà yìí nìkan kò lè fi hàn pé oògùn ló pa gbogbo wọn. Síbẹ̀, ó fi hàn wá pé ẹ̀jẹ̀ lè lọ sókè nínú àyẹ̀wò kí nǹkan má sì dára fún ọmọ tó ni ẹ̀jẹ̀ náà. Nígbà tí ẹ bá ka ìkéde, ẹ wò ó bóyá ohun tí wọ́n wọ̀n jẹ́ ohun tí aláìsàn máa ń mọ̀ lára, bí ìrora, ìdùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí ikú, àbí ohun tí ẹ̀rọ nìkan máa ń rí.

Kì í ṣe fòníkú-fọ̀ladìde nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Pfizer dán oògùn kan tí ń jẹ́ torcetrapib wò fún àrùn ọkàn lára nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 15 ènìyàn. Ó gbé ọ̀rá tí àwọn dókítà ń pè ní ọ̀rá rere sókè gidigidi, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà sì yìn ín níwájú àwọn olùdókòòwò ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2006. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ìyẹn ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, wọ́n dá ìdánwò náà dúró nítorí pé 82 ti kú nínú àwọn tó ń lò ó, nígbà tí àwọn tó kú ní ọ̀wọ́ kejì jẹ́ 51.

Ó yẹ kí a mọ bí àbájáde tó dára ṣe máa ń rí pẹ̀lú, kí iyèméjì wa má baà di àìgbàgbọ́ lásán. Ìdánwò oògùn hydroxyurea tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1995 kó àgbàlagbà 299 tó ní fòníkú-fọ̀ladìde jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, ohun tí wọ́n sì kà ni iye ìgbà tí ìrora ńlá kọlù wọ́n lọ́dún. Ní ìwọ̀n àárín, ó jẹ́ ìgbà 4.5 lára àwọn tó lo oògùn àfijọ, ó sì jẹ́ 2.5 lára àwọn tó lo hydroxyurea. Ẹ wo bí ó ṣe yéni tó: ènìyàn mélòó, wọ́n fi wé kí ni, wọ́n ka kí ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ mélòó. Láti ìgbà náà ni ìwádìí lẹ́yìn ìwádìí ti ń tì í lẹ́yìn, títí kan èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ti crizanlizumab, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde mìíràn tí ilé-iṣẹ́ Novartis gbé jáde, kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò tó kó ènìyàn 198 jọ, ìrora ńlá jẹ́ ìgbà 2.98 lọ́dún lára àwọn tó lo oògùn àfijọ, ó sì jẹ́ 1.63 lára àwọn tó lo ìwọ̀n rẹ̀ tó ga jù, ṣùgbọ́n ìdánwò tó tóbi jù ú lọ, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2023, kò rí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láàárín rẹ̀ àti oògùn àfijọ. Yúróòpù gba àṣẹ títà á padà lọ́dún náà. Nípa bẹ́ẹ̀, àní nígbà tí nọ́ńbà bá mọ́lẹ̀ rekete, ó ṣì yẹ kí a dúró de ìdánwò kejì.

Nọ́ńbà ìdá nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ ní iye gidi lẹ́yìn. Bí ènìyàn 2 nínú 1,000 bá ń ní àrùn kan, tí oògùn sì sọ ọ́ di 1 nínú 1,000, ilé-iṣẹ́ lè kéde pé òun dín àrùn náà kù ní ìdá 50 nínú 100. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn 999 ló lo oògùn náà láìrí àǹfààní kankan níbẹ̀, wọ́n sì lè rí ìpalára rẹ̀.

Nípa àwọn gbólóhùn tó máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni “àwọn aláìsàn fara dà á dáadáa.” Ẹ béèrè pé mélòó ló fi ìdánwò náà sílẹ̀ kó tó parí, àti nítorí kí ni. “Ó ń tọ́ka sí ibi tó dára” sábà máa ń túmọ̀ sí pé ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò tó láti fi mọ̀ bóyá oríire lásán ni. Bí wọ́n bá sì sọ pé oògùn náà ṣiṣẹ́ “lára àwọn kan nínú àwọn aláìsàn náà,” ẹ fura gidi, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé nígbà tí kò ṣiṣẹ́ lára gbogbo wọn ni wọ́n wá ń tú wọn wò ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ títí wọ́n fi rí ibi tó dùn ún sọ. Ọ̀nà tí a lè gbà mọ èyí wà ní àrọ́wọ́tó ẹnikẹ́ni tó ní fóònù.

Láti ọdún 2000 ni ìwé àkọsílẹ̀ ClinicalTrials.gov ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ tẹ orúkọ oògùn náà síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan. Ẹ ó rí iye ènìyàn tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kó jọ, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ṣe é, bóyá ó ti parí àbí wọ́n dá a dúró, àti ohun tí wọ́n là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti wọ̀n. Ẹ gbé èyí tó gbẹ̀yìn yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìkéde náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìrora ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé àwọn yóò kà, tí ìkéde wá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ nìkan, ẹ mọ̀ pé ó ní ohun tí wọn kò fẹ́ sọ. Àkọsílẹ̀ náà tún máa ń fi àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe sí i hàn, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Fún ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìwé àkọsílẹ̀ mìíràn wà tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Gúúsù Áfíríkà, orúkọ rẹ̀ ni Pan African Clinical Trials Registry. Ẹni tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ bá ṣòro fún lè bẹ akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tàbí ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama pé kí ó bá òun kà á. Ohun tí a ń wá níbẹ̀ kò ju nọ́ńbà àti ọjọ́ lọ.

Mo fẹ́ kí a rántí oògùn tiwa náà. Láti inú àgbo ìbílẹ̀ kan tí oníwàásù Yorùbá kan fi hàn wọ́n ni àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ti ṣe Niprisan, tí wọ́n wá ń tà ní orúkọ Nicosan. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà wà nínú rẹ̀. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn 82, wọ́n fi wé oògùn àfijọ, ó sì jọ pé ó dín ìrora líle kù láàárín oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò yí àìtó ẹ̀jẹ̀ padà, kò sì dín ewu àwọn ìṣòro ńlá mìíràn kù. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì yẹ kí a fi yangàn. NAFDAC fọwọ́ sí i ní ọdún 2006, ayọ̀ pọ̀ káàkiri, ilé-iṣẹ́ òkè òkun tó gba ẹ̀tọ́ ṣíṣe é sì kéde nǹkan ńlá. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ náà ti wọ gbèsè, oògùn náà sì di ohun tí àwọn aláìsàn ń wá kiri. Nítorí náà, ẹ béèrè nípa owó ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú, àti ibi tí oògùn náà yóò ti máa jáde wá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá délé, ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ló ṣáájú ohun tí ẹ ó ṣe. Ẹ má ṣe dá hydroxyurea, folic acid tàbí oògùn ìdènà ibà ọmọ dúró nítorí ìkéde kankan. Ẹ má ṣe sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò fi orúkọ ọmọ yín sínú ìdánwò. Ìdánwò tòótọ́ ní ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n gbọ́dọ̀ là yé yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ó ní ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ olùkópa àti ti NAFDAC, wọn kì í sì í ta oògùn tí wọ́n ń dán wò fún àwọn tó ń kópa. Ní ti àgbo inú ìgò tí wọ́n ń polówó lórí rédíò, ẹ ka ara páálí rẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni NAFDAC ti mú kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára irú èyí kò sọ pé ó ń wo àrùn sàn.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá tún gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Bowen tàbí ti LAUTECH, ẹ mú ìkéde náà dání, ẹ sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí àpẹẹrẹ: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Mo rí ìròyìn yìí nípa oògùn tuntun kan. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ipele wo ni ìdánwò rẹ̀ wà, ṣé ó dín ìrora kù ni àbí ẹ̀jẹ̀ nìkan ló gbé sókè, ṣé ó sì ti jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn?” Bí dókítà kò bá tíì gbọ́ nípa rẹ̀, ẹ fi orúkọ oògùn náà sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì tún béèrè nígbà tí ẹ bá padà wá. Ẹni tó fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp náà yẹ kó gbọ́ ìbéèrè kan náà, ní ohùn pẹ̀lẹ́: “Ẹ ṣé gan-an, àǹtí mi. Ènìyàn mélòó ni wọ́n dán an wò lára wọn, kí ni wọ́n sì fi wé?” Títí ẹ ó fi rí ìdáhùn sí méjèèjì, ẹ má ṣe fi í ránṣẹ́ sí òbí mìíràn.